Ṣásí Ọkọ̀ Bísíkíìtì

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ta pàǹtí iléeṣẹ́ bísíkíìtì ní Ọ̀fà,
àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ra páànù, wọ́n ra páìpù,
Gàníyù ọkọ mi ra egungun ọkọ̀.
Kò ní bọ́dì, kò ní ìjókòó,
táyà kan ló ní, ìyẹn náà ti kú.
Ọmọláńke méjì ni wọ́n fi gbé e wọ Ìjàgbo,
iwájú lórí ọ̀kan, ìdí lórí èkejì,
àwọn ọmọdé tò lẹ́yìn ẹ̀ bí ẹni ń sin ìyàwó.

Mo ní, "Kí lèyí?"
Ó ní, "Mọ́tò ni."
Mo tún wò ó.
Mo ti rí àkàbà tó jọ mọ́tò jù ú lọ.

Ó ní òun fẹ́ èyí tó sún mọ́ ilẹ̀,
tí ẹni tó bá wà nínú ẹ̀
á máa wo ewúrẹ́ lójú.
Ó fi èédú yà á sára ògiri ilé ìdáná mi:
imú gígùn, ìdí kékeré.
N ò nù ún. Èéfín ló bò ó díẹ̀díẹ̀.

Ṣásí ti gùn jù.
Ó fi okùn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà,
ó ní kí n wá dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀
kí òun mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi máa dé.
Mo dùbúlẹ̀. Irin tutù mọ́ mi lẹ́yìn.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gìgísẹ̀ mi,
ibẹ̀ ló sì ti gé e,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbáko,
ó wá jó iwájú àti ìdí pọ̀.
Lámidì tó bá a jó irin ní, "Bó bá já lọ́nà ńkọ́?"
Ó ní, "Oríta ni á ti já. Kálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀."

Amọ̀ etí Ọ̀yun ló fi mọ ìrísí ẹ̀,
kó tó da fáíbà lé e.
Oṣù méjì, ilé wa ń rùn
bí ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná.
Ó wọ ọbẹ̀, ó wọ ìrọ̀rí.
Iná iwájú, ti ọ̀kadà.
Gíláàsì, ti ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan tó kógbá wọlé;
bí oòrùn bá kọjú sí i,
èèyàn á ṣì rí "Fọ́tò Kíákíá" níbi tí wọ́n ti ha á.

Èèrà ni kò sẹ́ni tó rò tẹ́lẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá tí iléeṣẹ́ ti kú,
Gàníyù ní ṣúgà ṣì wà nínú ihò irin.
Bí ẹ́njìnnì bá ti gbóná, wọ́n á yọ,
wọ́n á tò gba orí gíà kọjá
wá síbi tí mo gbọ́wọ́ lé.
Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná.
Wọ́n padà wá.
Mo ní, "Àwọn ló ni ín. Àwa la wọkọ̀."

Ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀,
ọ̀gá wo ìwé, ó wo mọ́tò, ó tún wo ìwé.
"Akẹ́rù ni wọ́n kọ síbí. Tọ́ọ̀nù méjì."
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."
"Ẹrù dà?"
Gàníyù nawọ́ sí mi.
Mo bínú títí a fi kọjá ojú irin,
kí ẹ̀rín tó gbé mi.

Ìjókòó méjì ni.
Ọmọ mẹ́rin la bí.
Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, dé ilé epo, kí wọ́n padà.
Rùkáyà, àbíkẹ́yìn, ló máa ń gbẹ̀yìn.
Lánàá mo ń gbá abẹ́ ìjókòó,
mo rí i, bísíkíìtì tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́,
wọ́n rọra tò ó sẹ́nu ihò irin.
N ò tíì sọ fún bàbá ẹ̀.